Kí Ẹ Tó Yọ Sọ́fítíwià Náà Kúrò

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà sọ ní Yábàá nìyí, nípa sọ́fítíwià tí a fi ń wọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láti òkèèrè. Mo tún un kọ kó lè ṣeé kà, mo sì fi ìdáhùn mi sí àwọn ìbéèrè wọn sí ibi tó yẹ wọ́n.

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àbúrò mi. Ooru ń mú, ẹ̀rọ amúlétutù inú gbọ̀ngán yìí náà kò tíì pinnu bóyá yóò bá wa ṣe é lónìí, nítorí náà n kò ní fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

Orí àga ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Kọ́sítọ́mà wà ní Broad Street, tàbí ní Apápá, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ wà ní London, àwa jókòó sí Yábàá níbí. A ó fi TeamViewer, AnyDesk, RustDesk, VNC tàbí Remote Desktop ti Windows wọ inú kọ̀ǹpútà rẹ̀, a ó bá a tún un ṣe, yóò sanwó, ó parí. Ta ló fẹ́ gba Adékúnlé bọ́ sórí Third Mainland Bridge ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì nítorí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ṣoṣo?

Wàhálà dé lọ́jọ́ tí ohun tí a fi ń wọlé yìí fúnra rẹ̀ bá kọṣẹ́. Ó lè kọ̀ láti wọlé rárá, ó sì lè wọlé tán kí kíbọ́ọ̀dù máa ṣe bí ẹni tí nǹkan gùn. Mo ti wo ọwọ́ ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ nílùú Èkó yìí, ohun kan náà ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣe: wọ́n á yọ sọ́fítíwià náà kúrò, wọ́n á tún gbé e sí i. Bí kò bá gbọ́, wọ́n á ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni kò dára. Èmi kò fara mọ́ ọn. Bí ẹ bá yọ ọ́ tí ẹ tún gbé e sí i tó sì ṣiṣẹ́, ẹ kò mọ ohun tó ṣe é, ọ̀la ló máa padà wá. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dúró ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ohun tí mo ní láti sọ kò ju ìyẹn lọ, àpẹẹrẹ ló kù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú àìwọlé, torí ìyẹn kò gùn. Bí kọ̀ǹpútà ọ̀hún kò bá gbà wá, ọ̀nà méjì ló lè gbà kọ̀. Ó lè dákẹ́ lọ gbári, kí ẹ dúró títí kí síkírìnì wá sọ pé àsìkò ti kọjá. Ó sì lè kọ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó mọ́wọ́ kúrò lórí máòsì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fìyàtọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ìdajì iṣẹ́ wà. Bí ó bá kọ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rọ náà wà láàyè, ọ̀nà sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò kàn sí ohun tó ń gbọ́ lórí pọ́ọ̀tù tí a kàn ni (pọ́ọ̀tù ni nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tí ètò kọ̀ọ̀kan ń gbà), tàbí kí fáyàwọọ̀lù, ìyẹn ètò tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, dìídì lé wa padà. Bí ó bá dákẹ́, ẹ̀rọ náà ti sùn, tàbí iná ti lọ, tàbí àdírẹ́ẹ̀sì ti yí padà, tàbí fáyàwọọ̀lù kan gba ọ̀rọ̀ wa ó sì dà á nù láìfèsì.

Bí ẹ ó ṣe dán an wò rèé. Ẹ ṣí PowerShell, ìyẹn ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, ẹ tẹ Test-NetConnection, ẹ fi àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀rọ náà tẹ̀lé e, kí ẹ wá fi -Port 3389 sí i. 3389 ni Remote Desktop ti Windows ń lò. VNC sábà máa ń lo 5900. TeamViewer máa ń kọ́kọ́ gbìyànjú 5938, bí wọ́n bá dínà mọ́ ọn a gba 443, ìyẹn ọ̀nà tí ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì gbogbo ń gbà, ìdí sì nìyẹn tó fi máa ń ṣiṣẹ́ nínú ọ́fíìsì tí Remote Desktop ti kọ̀. Ẹ má fi ping, àṣẹ tí a fi ń ké sí ẹ̀rọ bóyá yóò jẹ́, nìkan ṣèdájọ́ o. Fáyàwọọ̀lù Windows lè máa gbọ́ ping kó má dá a lóhùn, kí ẹ̀rọ náà sì wà níbẹ̀ kó máa wò yín.

Ní Èkó níbí, kí ẹ tó dán ohunkóhun wò, ẹ béèrè bóyá iná wà. Mi ò ṣàwàdà. Kọ̀ǹpútà lè wà lórí ínfátà kí ráútà má sí lórí rẹ̀. Ẹ ó máa bá fáyàwọọ̀lù jà nígbà tó jẹ́ pé àpótí kékeré tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ló kú. Bí iná bá sì padà dé, ráútà lè pín àdírẹ́ẹ̀sì mìíràn fún kọ̀ǹpútà náà, kí ẹni tó ń jẹ́ 192.168.1.10 láàárọ̀ di 192.168.1.14 lọ́sàn-án. Ẹ wọ inú ráútà, ẹ bá a fi àdírẹ́ẹ̀sì kan pamọ́ fún ẹ̀rọ náà títí láé. Ẹ lọ sí ibi ètò iná nínú Windows, ẹ sọ fún un pé kó má sùn níwọ̀n ìgbà tó bá wà lórí iná. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni, BIOS rẹ̀, ètò tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó dé, sábà máa ń ní ibi tí ẹ ti lè ní kó tan ara rẹ̀ bí iná bá dé. Iṣẹ́ tí kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ nìyẹn, ó sì máa ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìpè òru.

Ẹnì kan béèrè pé òun ti ṣí pọ́ọ̀tù nínú ráútà, òun ti ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kí òun ṣe, síbẹ̀ ìdákẹ́ ni. Mo ní kó wo àdírẹ́ẹ̀sì tí ráútà náà gbà láti ìta. Bó bá bọ́ sáàárín 100.64 sí 100.127, ọ̀rọ̀ ti bùṣe: ilé-iṣẹ́ tó ń ta dátà fún un ti kó òun àti ọ̀pọ̀ oníbàárà mìíràn sábẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì gbogboogbò kan ṣoṣo. Láti ọdún 2012 ni wọ́n ti ya àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn sọ́tọ̀ fún irú ètò bẹ́ẹ̀. Kò sí pọ́ọ̀tù tí ẹ lè ṣí nínú ráútà yín tí yóò ràn yín lọ́wọ́, torí ẹnu ọ̀nà gidi kò sí lọ́wọ́ yín. Ẹ lo èyí tó ní alárinà, bíi AnyDesk tàbí RustDesk, tàbí kí ẹ fi VPN, ìyẹn ọ̀nà àdáni tó gba inú íntánẹ́ẹ̀tì, bíi WireGuard tàbí Tailscale so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀.

Lóòótọ́, inú mi máa ń dùn nígbà tí pọ́ọ̀tù bá kọ̀ láti ṣí. Fífi 3389 sílẹ̀ gbayawu sí íntánẹ́ẹ̀tì kò dára. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, Microsoft kéde àléébù kan nínú Remote Desktop tí wọ́n sọ ní BlueKeep, èyí tó lè jẹ́ kí àjèjì wọlé láìní pásíwọ́ọ̀dù. Ó burú débi pé wọ́n ṣe àtúnṣe fún Windows XP, tí wọ́n ti pa tì láti ọdún 2014. VPN ni kí ẹ lò.

Ọ̀ràn míì ni kí ọ̀nà là, kí ilẹ̀kùn ṣí, kí ẹ̀rọ náà sì wá ní òun kò mọ̀ yín. Mélòó nínú yín ló ti lo PIN onínọ́ńbà mẹ́rin láti wọ Remote Desktop? PIN kì í kúrò lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ti ṣe é; pásíwọ́ọ̀dù gidi ni Remote Desktop ń béèrè. Àkáǹtì tí kò ní pásíwọ́ọ̀dù rárá, Windows kì í jẹ́ kó wọlé láti òkèèrè. Windows Home lè jáde lọ bá ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kì í gba àlejò. Pro ló ń gba àlejò. Mo mọ ẹni tó fi odidi ọ̀sán wá fáyàwọọ̀lù kiri lórí ẹ̀rọ tó jẹ́ Home. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2018 náà, bí ẹ̀rọ kan bá ti gba àtúnṣe Microsoft tí èkejì kò sì gbà á, wọ́n lè kọ̀ láti bá ara wọn sọ̀rọ̀, kí iṣẹ́ tó dára lánàá kọ̀ lónìí láìsẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ẹ ṣe àtúnṣe sí méjèèjì. Ẹ má pa ààbò rẹ̀ rẹ́ bí àwọn kan ṣe ń kọ́ yín.

Ó tó lórí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ kíbọ́ọ̀dù gan-an ló gbé mi wá.

Bọ́tìnnì tí ẹ tẹ̀ kì í ṣe lẹ́tà. Nọ́ńbà ni. Kíbọ́ọ̀dù kàn ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé wọ́n tẹ bọ́tìnnì tó wà níbi báyìí-báyìí. Ètò kan nínú kọ̀ǹpútà ló ń sọ ọ́ di lẹ́tà. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sórí ẹ̀rọ tó wà níwájú yín, ẹ kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń ṣe ògbufọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí kọ̀ǹpútà bá di méjì, ẹ gbọ́dọ̀ mọ èwo nínú wọn ló ń ṣe ògbufọ̀ náà. Remote Desktop ti Windows máa ń fi nọ́ńbà bọ́tìnnì ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà ọ̀hún ni yóò sọ ọ́ di lẹ́tà. VNC yàtọ̀: ẹ̀rọ ọwọ́ wa ni yóò sọ ọ́ di lẹ́tà, yóò wá fi orúkọ lẹ́tà náà ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà ọ̀hún yóò sì máa wá bọ́tìnnì tó lè mú un jáde lórí kíbọ́ọ̀dù tirẹ̀. Nítorí náà, oògùn tó wo ti Remote Desktop sàn lè má ran ti VNC rárá.

Ẹ wá wo bó ṣe kan wa. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ló pọ̀ lọ́wọ́ wa. Èyí tó ti Ìlú Ọba wá, Shift àti 2 ló ń mú àmì àyọlò (") jáde, @ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Enter. Èyí tó ti Amẹ́ríkà wá, ó yí i padà: @ wà lórí 2. Ẹni tó tà á ní Ọ̀tígbà, ọjà kọ̀ǹpútà Ìkẹjà, ti nu Windows àtijọ́ kúrò, ó gbé tuntun sí i, ó sì fi ìlànà Amẹ́ríkà sílẹ̀ sórí kíbọ́ọ̀dù Ìlú Ọba. Ohun tí ojú rí lórí bọ́tìnnì kọ́ ni ohun tó ń jáde. Olóhun ti mọ́ ọn lára, ọwọ́ rẹ̀ mọ ibi tí @ wà. Ìwọ tó jókòó sí Yábàá kò mọ̀. Ó fún ọ ní pásíwọ́ọ̀dù tí @ wà nínú rẹ̀, o tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní kò tọ́, o tún un tẹ̀, lẹ́yìn díẹ̀ àkáǹtì tì pa. Olóhun á ní o fẹ́ ba nǹkan òun jẹ́.

Ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ @ sí, kí ẹ fojú rí ohun tó jáde, kí ẹ pa á rẹ́, kí ẹ tó bọ́ sí ibi tí gbogbo rẹ̀ ń di ìràwọ̀. Ẹ tẹ # àti àmì àyọlò náà wò. Kò gbà ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lọ. Bó bá jáde lọ́nà òdì, ẹ wo lẹ́tà kékeré tó ń fi èdè hàn ní igun síkírìnì ọ̀hún, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ yan ìlànà tó bá ti ọwọ́ yín mu. Remote Desktop máa ń sọ irú kíbọ́ọ̀dù tí a ń lò fún kọ̀ǹpútà ọ̀hún nígbà tí a bá ń wọlé, nítorí náà bí ẹ bá yí ti ọwọ́ yín padà lẹ́yìn tí ẹ ti wọlé, ẹ jáde, kí ẹ tún wọlé.

Èyí tó gba Kutọnu wọlé máa ń le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kíbọ́ọ̀dù Faransé ni: ibi tí a ti mọ Q sí ni A wà, ibi W ni Z wà, M kúrò nílé rẹ̀, kí ènìyàn tó tẹ nọ́ńbà ó gbọ́dọ̀ fi Shift sí i. Bí ẹ bá tẹ admin tó jáde bíi qd,in, ẹ má pe kíbọ́ọ̀dù náà ní èyí tó bàjẹ́. Èdè Faransé ló ń sọ.

Àìsàn kejì rèé, òun ló sì pọ̀ jù. Iṣẹ́ ń lọ, ẹ tẹ Alt àti Tab, tàbí bọ́tìnnì Windows, láti wo WhatsApp lórí ẹ̀rọ yín, ẹ padà, kíbọ́ọ̀dù sì dìídì ya wèrè. Ẹ tẹ E, fèrèsé fáìlì ṣí. Ẹ tẹ D, gbogbo nǹkan wọlẹ̀. Ẹ tẹ L, kọ̀ǹpútà ti ara rẹ̀ pa. Bó bá ti rí báyìí, bọ́tìnnì Windows ló há. Bó bá jẹ́ pé A ń yan gbogbo ìwé, tí P sì fẹ́ tẹ ìwé jáde, Ctrl ló há. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà ọ̀hún gbọ́ nígbà tí ẹ tẹ bọ́tìnnì náà mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ máa fi í sílẹ̀, ojú yín ti kúrò nínú fèrèsé rẹ̀. Ìròyìn pé ẹ ti gbọ́wọ́ kúrò kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ẹ ṣì ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ padà sínú fèrèsé ọ̀hún, ẹ tẹ Ctrl, Alt, Shift àti Windows lọ́kọ̀ọ̀kan, ti ọwọ́ òsì àti ti ọ̀tún, kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ó parí. Mo ti rí ẹni tó ní kí kọ́sítọ́mà lọ ra kíbọ́ọ̀dù tuntun nítorí èyí, kọ́sítọ́mà sì rà á.

Bí ẹ bá ṣì ń ṣiyèméjì, ẹ fi máòsì ṣí kíbọ́ọ̀dù ojú síkírìnì lórí kọ̀ǹpútà ọ̀hún. Bí ẹ bá fi máòsì tẹ lẹ́tà tó sì jáde dáadáa, ẹ̀rọ ọ̀hún kò ní àrùn; àárín ọ̀nà tàbí ọ̀dọ̀ yín ni ẹ ti máa wá a. Bọ́tìnnì tó bá há sì sábà máa ń hàn níbẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á yàtọ̀.

Àwọn àkópọ̀ bọ́tìnnì kan wà tí ẹ̀rọ ọwọ́ yín kì í jẹ́ kó kọjá. Ctrl, Alt àti Delete, Windows yín ni yóò gbà á mú. Nínú Remote Desktop, ẹ fi End rọ́pò Delete. Alt àti Page Up ló ń ṣiṣẹ́ Alt àti Tab níbẹ̀. Kí ẹ tó wọlé, ibi tí wọ́n pè ní Local Resources ni ibi tí ẹ ti lè yan bóyá kí irú àkópọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ níbí tàbí lọ́hùn-ún.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ ń rí síkírìnì, máòsì ń rìn, ẹ tẹ ohun kan tó fẹ́ àṣẹ alákòóso, gbogbo rẹ̀ dúró gbagidi, tàbí kó dúdú kirikiri. Kíbọ́ọ̀dù kú, máòsì kú. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kọ́ o. Windows ti gbé ìbéèrè àṣẹ náà lọ sí yàrá tí ètò lásán kò lè wọ̀, kí ayédèrú ètò má baà fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀. Bí kọ́sítọ́mà bá kàn tẹ AnyDesk lẹ́ẹ̀mejì láìgbé e sí ẹ̀rọ rẹ̀ dáadáa, tiyín náà jẹ́ ètò lásán. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó tẹ Yes níbẹ̀ fúnra rẹ̀, tàbí kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ètò náà pẹ̀lú agbára alákòóso. Ọ̀rọ̀ Mac jọ èyí: láti ẹ̀dà macOS tí wọ́n pè ní Mojave, ọdún 2018, olóhun gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ gba sọ́fítíwià náà láàyè nínú Accessibility kó tó lè tẹ bọ́tìnnì, fún wíwo síkírìnì, àyè mìíràn tún wà láti ẹ̀dà Catalina ọdún 2019. Ẹni tó bá fi ọ̀kan sílẹ̀ á máa wo iṣẹ́ láìlè ṣe é. Lórí Linux tó ń lo Wayland, ètò tuntun tó ń darí síkírìnì, àwọn ètò àtijọ́ máa ń rí bákan náà. Ẹ jáde, kí ẹ yan Xorg, èyí tó ṣáájú Wayland, níbi ìwọlé, bó bá wà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan níwájú ní kí n sọ nípa lẹ́tà tó ń tún ara rẹ̀ tẹ̀, tí a ó tẹ a kan tí méje yóò jáde. Ọ̀nà ló fà á. Wáyà MainOne tó gba abẹ́ òkun lọ sí Pọtogí gùn tó kìlómítà 7,000. Nínú okùn dígí, ìmọ́lẹ̀ ń sáré bíi kìlómítà 200,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà lílọ àti bíbọ̀ nìkan ti gba mìlísẹ́kọ́ǹdì 70, kí ráútà kankan tó fi tirẹ̀ kún un. Ìyẹn kò burú bó bá dúró bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ń lọ tó ń bọ̀ ni wàhálà wà: ìròyìn pé ẹ tẹ a tètè dé, ìròyìn pé ẹ fi í sílẹ̀ há sọ́nà, kọ̀ǹpútà ọ̀hún rò pé ẹ dì í mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un tẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí ọ̀pọ̀ wáyà abẹ́ òkun bàjẹ́ lápá Abidjan, MainOne pẹ̀lú wọn, àwọn tó ń bá òkè òkun ṣiṣẹ́ nílùú yìí jẹ ìyà rẹ̀. Nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín sínú Notepad tiyín, kí ẹ dà á kọ sọ́hùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá jẹ́ fóònù lẹ fi wọlé, ẹ pa ìdábàá ọ̀rọ̀ kíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Ó máa ń di lẹ́tà mú títí yóò fi rò pé ọ̀rọ̀ pé, kọ̀ǹpútà ọ̀hún kò sì mọ irú eré bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn ti ọ̀dọ̀ arábìnrin kan tó ń tẹ ìwé Yorùbá wá. Ó ń fi VNC da ọ̀rọ̀ kọ láti ẹ̀rọ kan sí èkejì, “Ọjọ́ Ẹtì” sì ń dé bíi “?j?? ?tì”. Ó yà á lẹ́nu pé ì kò bàjẹ́. Ètò ìdàkọ VNC àtijọ́ kò mọ̀ ju àwọn lẹ́tà Latin-1 lọ, èyí tí wọ́n ṣe fún èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù. À, é, ì, ó àti ú wà nínú rẹ̀, torí àwọn náà ń lò wọ́n. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí níbẹ̀, ń pàápàá kò sí. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ́ kì í ṣe lẹ́tà kan lójú kọ̀ǹpútà, ọ ni, pẹ̀lú àmì ohùn tó dá dúró tẹ̀lé e, ìdí nìyẹn tí àmì ìbéèrè fi di méjì. Àwọn VNC tuntun kan ti ní ètò ìdàkọ tó gbòòrò, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló gbọ́dọ̀ ní in. Bó bá jẹ́ títẹ̀ tààrà lórí Remote Desktop ló fẹ́, Windows ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tirẹ̀. Bó bá sì jẹ́ èyí tó ti ibòmíràn wá ló ń lò, kó gbé e sí ẹ̀rọ méjèèjì, torí ọ̀hún ni ògbufọ̀ wà. Mo ní kó má da ìwé náà kọ mọ́ ní tirẹ̀. Kó tọ́jú rẹ̀ sínú fáìlì, kó fi fáìlì náà ránṣẹ́ bó ṣe wà.